Ohun Tó Ń Mú Kẹ̀kẹ́ Rẹ Fì

Tú-u-wò, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àfaradà ìlú ńlá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé onílé ti tún òrùlé tó ń jò sórí irinṣẹ́ rẹ ṣe? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Nọ́ọ̀tù tó o bá dè kò ní tú. Èyí tí ayé bá sì dè mọ́ ọ lọ́rùn, wẹ́rẹ́ ni yóò tú. Àmín.

Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Orókún ìyá rẹ ti sàn. Ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ṣàìsàn rí. Adìẹ funfun yé ẹyin mọ́kànlá sínú bàtà tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo fi ipò ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀, ó sì ti sàba lé wọn. Mo ti gbà fún un, nítorí òun ló ń lo bàtà náà jù mí lọ. Owó tó o fi ránṣẹ́ wọlé. Báńkì fúnra wọn ló kọ̀wé sórí fóònù láti sọ fún mi. Mo fèsì, mo dúpẹ́, mo bèèrè àlàáfíà ìdílé wọn, wọn ò dáhùn. Mo tún kọ òmíràn, bóyá àkọ́kọ́ sọnù lọ́nà ni. Ó jọ pé iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí o bá rí wọn, bá mi kí wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wàyí. Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ ológeere tó o fọwọ́ ara rẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́, tó o fi ọkọ̀ ẹrù kó wá fún wa, ó dùn ún gùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dé, mo gùn ún yí pápá ilé ìwé ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo ń rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́rin tó ṣẹ́kù fún mi, gbogbo wọn ló gbatẹ́gùn. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kejì, màá sọ ọ́ ní àyè rẹ̀. Má kán mi lójú. Olùkọ́ kì í ti orí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Bó bá ń lọ jẹ́jẹ́, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bó bá ti sáré tó ẹni tí ajá ń lé, iwájú rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn tó ń mi orí pé rárá, rárá, rárá. Ìyá rẹ tó jókòó lẹ́yìn bèèrè pé ṣé èmi ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ ni àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn mí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á kúkú máa fẹsẹ̀ rìn, pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì kì í bá ara wọn jiyàn.

Ibi tó ti wá dùn mí ni ti Jórinjórin, ẹni tó ń jó irin nítòsí ìdíkọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí mo ṣe ń fì kọjá, ó ní Ọ̀gá Tíṣà, ẹ kú ijó o. Ó ní iṣẹ́ irin kì í ṣe irun dídì, pé obìnrin tó bá fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́, kó kọ́kọ́ ṣe àga ìdáná ná. Bẹ́ẹ̀ Nọ́ọ̀sì Àgbà ilé ìwòsàn wa ti ṣèlérí pé bí kẹ̀kẹ́ rẹ bá lọ geere níṣojú òun lọ́jọ́ Sátidé, òun á ní kó o ṣe mẹ́fà fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà! Bó bá sì fì, ó ní òun ò ní gbé ẹnikẹ́ni gun ohun tó máa sọ nọ́ọ̀sì di aláìsàn.

Ni mo bá mú ìwé, mo fa ìlà sí i, mo ṣèdánwò fún kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà méjèèjì kí wọ́n le dọ́gba: ó ń fì. Mo fi ìka ta àwọn wáyà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí okùn gìtá, ohùn wọn bára mu: ó ń fì. Mo gbé àpò iyanrìn sí ibi tí ìyá rẹ ń jókòó, bóyá ìjókòó rẹ̀ ló fà á: ó ń fì, ìyá rẹ sì bínú, ó ní àpò tí mo yàn ti tóbi jù. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ yí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ilé ìwé: ó ṣì ń fì. Mo dá ẹ́ńjìnnì láre, mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

O ní kí n fi fídíò ránṣẹ́ kó o lè rí bó ṣe ń fì. Mo wẹ̀, mo wọ kóòtù, ìyá rẹ mú fóònù dání. Nítorí mo mọ̀ pé àwòrán kì í dára bí ènìyàn bá mira, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú pinpin kó má baà mì, èmi náà ò sì mí fún odidi ìṣẹ́jú kan. O pè padà pé o ò rí ibi tó ti ń fì. Báwo lo ṣe máa rí i? Mo dì í mú dáadáa.

O tún ní kí n kún fọ́ọ̀mù àwọn tó ta ẹ́ńjìnnì fún ọ lórí fóònù. Àwọn ènìyàn yẹn mọ iṣẹ́. Kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde pé kí o fọwọ́ kan èyí tó ní kẹ̀kẹ́ nínú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá o dá kẹ̀kẹ́ mọ̀. Mo yege. Wọ́n wá ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò bínú. Mo pe ìyá rẹ kó wá jẹ́rìí, nítorí ogójì ọdún ló ti mọ̀ mí. Ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní òun ò lè búra. Bí mo ṣe pa fọ́ọ̀mù dé nìyẹn.

Ọmọ mi, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ dé, nígbà tí ìyá rẹ kò sí nílé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo dojú kẹ̀kẹ́ dé, mo tú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú tó ń mú un lọ geere bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké dà sílẹ̀ bí àgbàdo, wọ́n sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rákò tẹ̀ lé wọn. Mo kó wọn padà, mo dè é. Ìgbà tí mo dè é tán ni mo rí mẹ́ta tó yí sínú bàtà mi. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi lawọ́, ó ní láti jẹ́ pé ó fi mẹ́ta ṣe ènì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ sì wá yé lé wọn lórí.

O ò ní ṣàì bèèrè ohun tí mo fi tú u, nítorí sípánà pẹlẹbẹ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Sípánà rẹ ni. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tó o tú aago ara ògiri mi, mo nà ọ́ níwájú gbogbo ilé ìwé, mo sọ ọ́ ní Tú-u-wò kí wọ́n lè fi ọ́ ṣẹ̀sín, mo gba agolo sípánà rẹ, mo ní mo ti jù ú sódò. Irọ́ ni mo pa. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọdọọdún ni mò ń fi epo pa wọ́n kí wọ́n má dípàtà, tí mi ò sì ní ìgboyà láti dá wọn padà. Aago yẹn náà, ọmọ mi, ìgbà tó o dè é padà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwọ sì gba orúkọ ẹ̀sín yẹn, o kọ ọ́ gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Ọjọ́ Sátidé pé. Nọ́ọ̀sì Àgbà dé, Jórinjórin dé tòun ti àga rẹ̀, kó lè rẹ́rìn-ín nínú ìrọ̀rùn. Ǹ bá sọ pé ọ̀nà ni kò dára, wọn ì bá gbà mí gbọ́. Mo gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, mo mi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Jórinjórin ní ẹ ò gbọ́ iṣẹ́ ọmọbìnrin bí? Mo ní rárá o, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lẹ gbọ́ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, tòun ti agolo, tòun ti aago. Nọ́ọ̀sì Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi gba àga mọ́ Jórinjórin lábẹ́. Mo lọ bá adìẹ. Ó ṣá mi jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Gbígbóná ni wọ́n jáde, díẹ̀ ló kù kí ó pa wọ́n. Mo fi gíríìsì tò wọ́n sáyè, mo fi sípánà rẹ dè é, kò le jù, kò dẹ̀ jù.

Ọmọ mi, ó lọ geere! Ìyá rẹ wà lẹ́yìn, ó ń kọrin, a sáré dé orí afárá, a sáré padà, mo tu ọwọ́ kan sílẹ̀ mo fi kí Jórinjórin. Nọ́ọ̀sì Àgbà gùn ún yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́fà ló fẹ́, kí o fi àwọ̀ funfun kùn wọ́n. Jórinjórin wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó rọra bèèrè bóyá o máa ń gba ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún gíríìsì, àti fún bàtà tuntun, nítorí adìẹ ò ṣetán. Agolo rẹ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù. Mo yọ sípánà pẹlẹbẹ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, fi yá mi. Bí o bá ní rárá, ẹ̀tọ́ rẹ ni, màá fi ránṣẹ́. Dárí jì mí. Ọwọ́ tí mo fi nà ọ́ nítorí pé o fẹ́ mọ nǹkan, ọwọ́ yẹn náà ni mo gbé sókè báyìí, tòun ti gíríìsì, tí mo fi ń súre fún ọ: wàá tú ohun tó ṣòro, wàá dè é padà, ẹyọ kan kò ní ṣẹ́kù.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n ṣí fọ́ọ̀mù yẹn padà, pé òun ti ṣetán báyìí láti jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tú-u-wò Àgbà.