Ikọ́ Tí O Kò Ròyìn

Tiwaladé, ọmọọmọ mi ní Delhi,

Gbogbo ilé ní Òkókómáíkò ń kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn mí, omi òjò tún wọ ilé ìdáná. Ìròyìn ìjọba, ọrọ̀ ajé àti èéfín tó bo ojú ọ̀run Íńdíà tí ò ń kà sí mi lórí fóònù láti fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò rẹ, mo tún un sọ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa ní Ìbà, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ikọ́ ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Mo béèrè, o ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n parí ìròyìn èéfín yìí ná!"

Èéfín yẹn náà lò ń fà símú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ikọ́ láì lè bu omi gbígbóná fún ọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Lọ rí dókítà. Tí o bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ohun tó bá sọ ni kí o kà sí mi.

Màmá rẹ àgbà