Kọ́tìnì Ojú Fèrèsé Wa

Màmá mi, ẹ kú àárò wa. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí fóònù náà létí bí ògiri.

Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbé sórí fóònù nípa ìwọ́de ni mò ń kà, mo sì ń fi àmì sí èyí tí ọ̀gá yóò ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó gbé e síta. Iṣẹ́ ìjókòó ni, kò nira.

Lánàá, àwòrán kan wọlé. Láti ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ti ya àwọn ọlọ́pàá tó ń na èèyàn. Etí kọ́tìnì hàn níbẹ̀, èyí tí ẹ fi apá aṣọ ilé-ìwé mi lẹ̀. Fèrèsé wa ni.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yọjú wò ó: “Ọ̀gbẹ́ni, fèrèsé ta nìyí?”

“Ṣé èmi ni mo rán kọ́tìnì fún wọn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n àwọn fèrèsé tí mo ti fi àmì sí ńkọ́, Màmá? Ìyá ta ló wà lẹ́yìn wọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já kọ́tìnì yẹn wálẹ̀ lónìí. Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé àwòrán náà mọ́ kedere, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.