Orin Arò Tí Ìyá Mi Ń Kọ Lẹ́yìn Mi

Irọ́ ni mò ń pa fún ìyá tó bí mi láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó sì ti sú mi. Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Admin, ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ti kú. Àkúrẹ́ ló ń gbé, mọ́tò ló pa á... Ọjọ́ náà gan-an la sin ín, torí òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Mama wà níbí ní Benin, ní Ekenwan Road, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà wá kìlọ̀ fún mi pé bí Mama bá gbọ́, tí nǹkan bá ṣe é, ọrùn mi ló máa wà. Kí ni kí n ṣe? Mo ní Àkànní, oríkì tí Mama fi ń pè é nìyẹn, mo ní ó ti ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sí network lójú òkun àfi tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Gbogbo Sunday ni Mama ń bi mí pé ṣé ó ti pè, màá ní ó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n kí yín. Mo tiẹ̀ ra áńkárá kan, mo ní òun ló fi ránṣẹ́. Mama kúnlẹ̀, ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un, èmi náà ń ṣe Àmín... Àmín fún ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀! Ṣé orí mi pé báyìí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń to sípì àti bọ́tìnnì tí mò ń tà ní Siluko Road sínú báàgì, ni mo gbọ́ tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń kọrin ní balùwẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé tí mo bá sọ Yorùbá sí i, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn o. Orin arò ilé wa ló ń kọ! Orin tí Mama kọ lọ́jọ́ tí Bàbá wa kú, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń bá a gbè. Orúkọ òkú ni wọ́n máa ń pè níparí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ò pe Bàbá o. Àkànní ló pè. Mo pa báàgì tì, mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó jáde, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Na Grandma. Every time wey you go shop, she dey sing am. She say make I no sing am for your front, say you go cry."

Ẹ gbà mí! Mama mọ̀. Láti ìgbà wo? Ta ló sọ fún un? Àbí ó ti mọ̀ nígbà tó ń gbàdúrà yẹn? Mo lọ wo àpótí rẹ̀, áńkárá yẹn wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e fún un, kò rán an, ẹni tó fẹ́ràn aṣọ tó Mama! Nígbà ti Bàbá, gbogbo àdúgbò ló bá a sunkún títí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Nísinsìnyí, ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ orin ló ń bá a gbè é. Èmi ni mo fi í sípò yẹn, ó sì ń dùn mí wọra. Èmi gan-an ò tíì sunkún àbúrò mi dáadáa, torí ojú ta ni mo fẹ́ sun ún?

Ọkọ mi ní kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò, pé kéèyàn fura yàtọ̀ sí kí wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Ṣé kí n kàn wọlé bá a lọ́jọ́ kan, kí n gbè é pẹ̀lú rẹ̀? Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé e lọ níbẹ̀ ńkọ́?

Láàárọ̀ yìí, a ń jẹ búrẹ́dì, Mama mú ẹyin inú àwo tirẹ̀ sínú tèmi, ó ní mo ti rù jù, ṣé kò sí nǹkan tó ń dùn mí? Mo ní kò sí o, wàhálà ọjà ni. Ó ní ó dáa, ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá arúgbó nílé, ẹ bá mi dá sí i... nínú èmi àti ìyá mi, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu?