Ìwé Gírámà Tí Mo Fọ̀ Mọ́ Aṣọ

Yàrá kẹta,
Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ọsibítù,
Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ti fọ ìwé! Ìwé gírámà Òyìnbó tí nọ́ọ̀sì yá mi, mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ! Àpò aṣọ iṣẹ́ mi ló wà nígbà tí mo jù ú sínú ẹ̀rọ. Èmi tí mo máa ń yẹ àpò gbogbo dókítà wò kí n tó fọ aṣọ wọn, mi ò yẹ tara mi wò. Ìdánwò sì di Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀tunla!

Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló jẹ́ kí n ké kí n tó kí yín. Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ kíláàsì yín o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ tèmi ṣì ń wúkọ́. Ooru omi gbígbóná níbi tí mo ti ń pọ̀n ọ́n ṣiṣẹ́ ò bá àyà ẹ̀ mu. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń lé iṣẹ́ yàrá káàdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ibẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ wà. Àmọ́ ẹni tó bá máa débẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò gírámà yìí.

Bí mo ṣe ń sunkún, Bàbá Onírọ́ọ̀nù tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wa ní, "Ọlọ́pàá àpò! Ta ló wá ń yẹ àpò ọlọ́pàá wò?" Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ló kúkú ṣí ìwé yẹn ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ ẹ sáàárín àpò ìrọ̀rí méjì, ó rọra lọ̀ ọ́ gbẹ. Nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo rò pé ó máa lé mi jáde ni. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Ó kúkú ti mọ́! Máa kọ́ èyí tó kù."

Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó kù yẹn ti ń wọlé o. 'Many' àti 'much' ò lè tàn mí mọ́: aṣọ ìbùsùn ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, 'many' nìyẹn, ọṣẹ lúbúlúbú ò ṣeé kà, 'much' nìyẹn. Ewé tó sọ ti 'few' àti 'a few', 'some' àti 'any' ló di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú 'few' àti 'a few' ni díẹ̀ tó ṣeé mú lò, èkejì ni díẹ̀ tí ò tó nǹkan kan. Ṣé díẹ̀ kọ́ ni díẹ̀ ni? Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bi níbí ti ṣìnà ṣáájú mi.

Ẹ kí ìyá wa fún mi. Ẹ má sọ fún wọn pé mo sunkún. Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

Awakọ̀ tó ń kó aṣọ ló mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a padà wá lónìí. Ìjókòó iwájú ṣófo, mo ti bi í. Mi ò ní kí ẹ bá mi ṣe ìdánwò. Ẹ ṣáà wá jókòó tì mí, kí ẹ là á yé mi. Mo mọ̀ pé màá ṣe é. Ẹ má wá bébà tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ yín ni kí n gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi àbúrò yín tó ń wo ojú títì,
Kékeré.