Òwú Tí Ẹ Fi Ń Wọn Orí

Bàbá mi àtàtà, oní-fìlà Bẹ́yẹrúnkà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń dúró sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ti lọ, ó sì lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ tèmi rọra rìn díẹ̀ ni.

Òwú dúdú yín ló gbà mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí oníbàárà bá jókòó sórí àpótí, ẹ ó fi òwú yí i lórí, ẹ ó ta kókó síbi tí ẹnu òwú ti pàdé, ẹ ó sì fi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri. Ẹ ò kọ orúkọ sí ọ̀kankan. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ránṣẹ́ láti Òkè Padre pé òun fẹ́ abetí-ajá tuntun, ọwọ́ yín á lọ tààrà síbi òwú ẹni náà. Eyín lẹ fi ń já òwú. Màmá a máa bá yín jà pé ọjọ́ kan lẹ máa kán eyín yẹn. Ẹ sì kán an lóòótọ́, ẹ wá sọ fún Màmá pé eegun ẹran ni.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tí ẹ fi ń ṣe fáàrí kiri Ọjà'ba. Àwọn tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì ni mo ń kọ́ nípa ọpọlọ èèyàn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó kàn mí láti kọ́ wọn ní ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ọpọlọ ọkùnrin wé ti obìnrin. Mo ní láyé ọjọ́un, àwọn òyìnbó kan a máa gbé ọpọlọ òkú sórí ìwọ̀n. Wọ́n rí i pé ti obìnrin fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n obìnrin kò fi tó ti ọkùnrin, wọ́n sì fi ìyẹn ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn obìnrin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ò dúró mọ́, wọ́n ní apá iwájú ọpọlọ ló ṣe pàtàkì. Nígbà tí iwájú náà já wọn kulẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún sí ẹ̀gbẹ́. Àfi bí oníbàárà tí kò fẹ́ gba fìlà tó bẹ̀ mọ́, tó ń wá àléébù sí i lára kiri.

Ọmọbìnrin kan tó kéré bí abẹ́rẹ́ dìde láti ẹ̀yìn kíláàsì.

“Sà, ẹ má bínú o. Ṣé wọn ò wo bí ara àwọn èèyàn yẹn ṣe tóbi sí ni? Ẹni tó bá tóbi, ṣé orí ẹ̀ náà ò ní tóbi ni?”

Bàbá, ìbéèrè yín ni ọmọ yẹn bi mí. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ agogo ò tíì lù.

Ṣé ẹ rántí? Àbúrò mi, Sìkírátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò tó fi wọ kíláàsì àgbà ni. Tíṣà rẹ̀ wá bá yín nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé pé sáyẹ́ǹsì ló yẹ ọmọ náà. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín tó wà ní yunifásítì, torí òun ló mọ̀wé. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìwé ńlá kan bọ̀ wálé. Mo ní ọpọlọ obìnrin kò tó ti ọkùnrin, àwọn onímọ̀ ti gbé e sórí ìwọ̀n, sáyẹ́ǹsì yóò kàn da Sìkírátù lórí rú ni. Èdè òyìnbó ni mo kọ́kọ́ fi kà á, kí ẹ̀rù lè bà yín.

Ẹ dìde, ẹ yọ òwú méjì lára ògiri, ẹ tẹ́ wọn sórí àpótí. Ọ̀kan jẹ́ ti alápatà tó ga bí igi ọ̀pẹ, ìkejì jẹ́ ti Ááfà kékeré tó kọ́ wa ní kéwú.

“Wò ó, ti alápatà fi ìka mẹ́ta gùn ju ti Ááfà lọ. Èwo nínú wọn ni mo máa ń bá gbìmọ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, fìlà lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ọpọlọ.”

Ẹ wò mí, ẹ sì dá òwú méjèèjì padà sórí ìṣó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, Sìkírátù ti jókòó tì yín, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán etí fìlà.

Ohun tó ń tì mí lójú jù kò tíì jáde. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé èyí tí mo kà fún yín sọ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn ti wó, pé àwọn tó wọn ọpọlọ kò ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn. Mo ti kà á kí n tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Títí di òní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gbé ọpọlọ kan sórí ìwọ̀n kó fi mọ bí ẹni tó ni ín ṣe gbọ́n tó. Mo mọ̀, mo sì pa ìwé dé. Ìlara ni, Bàbá. Nínú ìsinmi tó ṣáájú ìgbà yẹn, ìṣirò kan tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mẹ́ta, Sìkírátù yanjú rẹ̀ sẹ́yìn bébà tí ẹ fi ń gé fìlà. Ó gbé e fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. N ò lè gbàgbé ẹ̀rín náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ò fi mí ṣẹ̀sín rárá.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé èmi ni? Ṣé ẹ ń bo àṣírí mi ni, àbí ẹ gbà mí gbọ́ ni? Bí ọmọ rẹ̀ bá bi í ìdí tí kò fi kàwé lọ títí, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Bàbá àgbà ẹ ni ò fẹ́.” Lọ́jọ́ fídáù yín, nígbà tí Ááfà ní kí ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀ forí jì yín, Sìkírátù dìde láàárín èrò. Ó ní òun forí ji Bàbá òun lórí ọ̀rọ̀ ìwé tí wọn ò jẹ́ kí òun kà. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi ló sì ròkè jù.

Mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá. Ó jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó, àwọn òwú yín ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ti ojú ìwé kejì, àti ti ìlara.

“Bọ̀dá, ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó fi eyín já òwú ọwọ́ rẹ̀.

“Mo forí ji Bàbá níwájú gbogbo ayé. Kí ni wọ́n ṣe fún mi tí mo ń forí jì wọ́n?”

Ó gbé fìlà sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síbi sàréè yín, ó sì kúnlẹ̀.

“Bàbá, mo ti fi ohun tí ẹ ò ṣe sùn yín lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí.”

Èmi dúró síbi igun ògiri. Àmín dé ẹnu mi. Mo rántí èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ fídáù, mo sì gbé e mì.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ka ojú ìwé kejì fún yín.