Bẹ́líìtì Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà ayé ìjọba ológun yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ibereko ni mo ti ń kọ̀wé.

Nígbà tí owó oṣù baálé mi, tó jẹ́ olùkọ́, kò wọlé déédéé mọ́, a ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo fún àwọn aládùúgbò. Iná kì í pẹ́ tó fi ń lọ, nítorí náà baálé mi kì í pa ẹ̀rọ kó tó rọ ọ́ìlì sí mọ́tò rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná." Ó ní, "Kí iná wá lọ kí n tó tàn án?" Lóṣù tó kọjá, bẹ́líìtì mọ́tò náà gé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì.

Ọwọ́ ọ̀hún kò tíì jinná tó fi ní èmi ni kí n máa rọ ọ́ìlì, kí n má sì pa ẹ̀rọ. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú mi. Ẹ̀rù bà mí, mo yọ bẹ́líìtì náà, mo rì í mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wá láti Kankon ni baálé mi fura sí pé ó jí i. Ó nà án lánàá. Ọmọbìnrin náà ń sunkún pé, "Bọ̀dá mi, mi ò mú un!" Èmi ń ro ẹ̀kọ́, n kò lè gbójú sókè. Baálé mi ní tó bá di Jímọ̀, òun á fà á lé àwọn sójà lọ́wọ́.

Baálé mi kì í jẹ́ kí ètò yín orí rédíò fo òun. Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, á mọ̀ pé èmi ni. Síbẹ̀, ẹ kà á, kí ẹ̀yin àti àwọn olùgbọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́.