Ooru Jẹnẹrétọ̀ Ni, Kì í Ṣe Àjẹ́

Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ mi pamọ́, ojú ló ń tì mí. Wọ́n pe ìyá àgbà kan ní àjẹ́ nílé kan n'Íkòsí, mo sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe àjẹ́... mo mọ̀, mo dákẹ́, mo tún ń jẹ èrè rẹ̀.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, obìnrin ni mí o. Aunty Sensor ni àwọn customer ń pè mí torí iná sensor ni mò ń tà tí mo sì ń so mọ́lé, èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá kọjá. Kò lójú o, ooru ara èèyàn ló ń mọ̀. Tí ooru mìíràn bá ń fẹ́ sí i, á kàn máa tàn lásán ni. Èmi tí mo mọ èyí, mo so ti ilé yẹn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí ooru gen landlord ń fẹ́ sí. Ìkánjú ni... wọ́n ń retí mi ní Mende lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá ti tan gen nírọ̀lẹ́, iná á tàn, kò sì ní séèyàn níbẹ̀. Yàrá ìyá àgbà yẹn, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, nìkan ló kọjú síbẹ̀. Opó ni wọ́n, ọmọ Ṣakí, ata gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Mile 12 kí ẹsẹ̀ tó dá wọn jókòó. Àwọn ará ilé ní ẹni tí àwọn ò rí ló ń kọjá. Ìgbà tí ibà wá mú ọmọ Mummy Sodiq tó ń gbé yàrá kejì, ó parí... iná tàn lánàá, ara ọmọ gbóná lónìí, ta ni ò mọ ẹni tó fà á? Landlord ní kí n wá wo iná náà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí àṣìṣe mi. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kò sóhun tó ṣe iná náà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣé kí n fẹnu ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn... Ọlọ́run, dárí jì mí. Màmá kàn ní ó dáa, ọmọ mi, o ṣeun. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wọn n'Ífákọ̀.

Látìgbà yẹn, ìròyìn iná náà ti tàn kálẹ̀, ọjà mi kò dúró mọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ní warehouse tó ń sá fún olè ló ń wá mi, àti ilé ìwòsàn tó fẹ́ ìbọn tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná, torí mo ń ta ìyẹn náà. Ní báyìí, Ketu, Shangisha, pásítọ̀, alfa, ìyàwó ilé... iná tó ń rí àjẹ́ ni gbogbo wọn ń béèrè. Mi ò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé rárá.

Lánàá, ìyàwó ilé kan pè mí láti Ifákọ̀. Ó fẹ́ ọ̀kan síwájú yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ó fi fọ́tò ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo wò ó... Màmá ni wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ata.

Ọ̀la ló ní kí n wá. Tí n ò bá lọ, ṣebí ẹlòmíì á lọ so ó? Tí mo bá lọ, ojú wo ni màá fi wo Màmá? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ n'Íkòsí ni, àbí kí n lọ kúnlẹ̀ fún Màmá n'Ífákọ̀? Ìyàwó náà ní wọ́n sọ fún òun pé iná tèmi kì í parọ́. Òótọ́ ni, iná ò parọ́... èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ba orúkọ èèyàn jẹ́ rí, báwo lẹ ṣe dá a padà fún un?